Ìwọ̀ Mẹ́jọ Lẹ́yìn Ọkọ̀ Kan: Ọjọ́ Mẹ́rin Lórí Adágún Weiss

Ọjọ́ Kìíní, Ọjọ́bọ̀, oṣù kẹrin

Aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá díẹ̀ la kúrò ní Atlanta ní ìpínlẹ̀ Georgia láti lọ pẹja lórí adágún Weiss ní ìpínlẹ̀ Alabama, èmi àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Ọkọ̀ ojú omi wọn, alumíníọ̀mù tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 16, jókòó lórí tírélà rẹ̀ lẹ́yìn wa. A gba ọ̀nà márosẹ̀ I-75 dé Cartersville, a yà sí ọ̀nà 411, a gba Rome kọjá, a gba Cave Spring. Rome yẹn ni odò Etowah àti odò Oostanaula ti pàdé, tí wọ́n di odò kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Coosa. Coosa yìí ni ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná Alabama Power dí lápá Leesburg lọ́dún 1961, tí omi fi ya bo oko àti igbó, tó sì di adágún Weiss. Mo bẹ Ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n rọra wakọ̀ lórí afárá kí n lè wo odò náà. Ó pọ́n bí omi tí wọ́n fi po amọ̀. Òjò ti rọ̀ lóru.

"Bàbá Ìbejì," Ẹ̀gbọ́n ní, "omi yìí ti dàrú o. Rọ́bà ìjẹ tó bá ń tàn yòò la máa lò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹja ò ní rí i."

Ẹja tí à ń wá, crappie ni wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn ará ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, krọ́pì ló ń jẹ́. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, létí ọ̀sà, níbi tí àbúrò bàbá mi ti ń da àwọ̀n, nítorí náà ẹja kò ṣàjèjì sí mi. Bí mo bá fẹ́ júwe krọ́pì fún ará ilé, màá ní ó fẹ̀ pẹrẹsẹ bí epìyà, ara rẹ̀ ń dán bíi fàdákà, àmì dúdú sì wà káàkiri ara rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá fọ́n èédú sí i. Ẹnu rẹ̀ fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn apẹja ibí fi ń pè é ní ẹlẹ́nu bébà. Ẹni tó bá fi agbára fa okùn, ẹnu náà á ya, ẹja á bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn ará Cherokee County tó yí Weiss ká ń pe adágún wọn ní olú-ìlú krọ́pì gbogbo ayé. Omi náà fẹ̀ tó éékà 30,200. Nítorí pé ó yà wọ inú odò kéékèèké lọ́tùn-ún lósì, etí bèbè rẹ̀ gùn tó máìlì 447. Kò jìn rárá. Ibi púpọ̀ wà tí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ò ní pé kó o tó kan ilẹ̀, kùkùté igi sì kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kùkùté yìí sọ́kàn.

Fún ẹni tó bá fẹ́ lọ: bí ẹ bá ti Georgia wọ Alabama, ẹ ti jèrè wákàtí kan, nítorí aago Alabama fi wákàtí kan lọ́ra ju ti Georgia lọ. Ẹ gba ìwé àṣẹ ìpẹja ti àlejò kí ẹ tó ju okùn kankan sómi. Ọgbọ̀n krọ́pì ni òfin gbà fún ẹnì kan lójúmọ́, èyí tí kò bá sì tó íǹṣì mẹ́wàá lórí Weiss, ẹ dá a padà sómi.

A dé ìlú Centre lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, a sì lọ tààrà síbi tí wọ́n ti ń sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Dọ́là márùn-ún ni mo fi sínú àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ̀ méjì wà lẹ́yìn wa tó ń dúró, ojú sì ń kán wa torí tiwọn. Ẹ̀gbọ́n fẹ̀yìn rìn wọ omi, ọkọ̀ léfòó, mo di okùn rẹ̀ mú, Ẹ̀gbọ́n wa mọ́tò lọ síbi ìgbọ́kọ̀sí. Mo wọ inú ọkọ̀ láti to ẹrù. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé bàtà mi ti tutù. Omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ mi.

Ihò kan wà nídìí irú ọkọ̀ yìí tí wọ́n ń ṣí láti fi fa omi jáde nígbà tó bá wà lókè. Ìdérí rẹ̀ wà nínú àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì Ẹ̀gbọ́n. Mo kígbe, ṣùgbọ́n wọ́n ti jìnnà. Bàbá kan tó wà nínú ọkọ̀ tó tẹ̀ lé wa ló sọ̀ kalẹ̀. Kò bọ́ bàtà, kò ká ṣòkòtò, ó wọ omi dé ìbàdí, ó ki ọwọ́ sábẹ́ ọkọ̀ wa, ó sì fi àtàǹpàkò dí ihò náà títí ọmọ rẹ̀ fi mú ìdérí mìíràn wá láti inú àpótí irinṣẹ́ wọn. Ó ní òun kì í rìn láìní mẹ́ta lọ́wọ́. Nígbà tí mo fẹ́ san owó rẹ̀, ó ní kí n fi pamọ́ sínú ọkọ̀, pé ọjọ́ kan á jọ́kan tí ẹlòmíràn á nílò rẹ̀.

A fi ike gbọ́n omi fún ogójì ìṣẹ́jú. A ò pẹja kankan lọ́jọ́ náà. Yàrá tí a sùn jẹ́ dọ́là 80 lóru kan, ó mọ́, ó ní ibi ìdáná. Gààrí Ìjẹ̀bú pẹ̀lú ẹ̀pà la mu sùn.

Ọjọ́ Kejì, Ẹtì

Mo ti fi fóònù sí aago márùn-ún. Aago mẹ́rin ló dún. Weiss súnmọ́ ààlà Georgia, apá kan rẹ̀ tilẹ̀ wọ inú Georgia, nítorí náà fóònù máa ń mú òpó Georgia lóru, aago rẹ̀ á sì fò síwájú. Ẹ gbé aago ọwọ́ dání, tàbí kí ẹ fi ọwọ́ yan àkókò inú fóònù yín.

Ó dára bó ṣe tètè jí wa. A wà lórí omi nínú Cowan Creek, odò kékeré kan tó wọ adágún náà, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ àfi àkọ̀ kan tó dúró lórí ẹsẹ̀ kan létí bèbè. Omi náà tutù ní ìwọ̀n 62 ti Fahrenheit. Àkókò tí krọ́pì ń múra láti wọ ibi tí omi ò ti jìn lọ yé ẹyin nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń wọ́ ìwọ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà wa ti jáde. Ẹ̀gbọ́n to ọ̀pá ìwọ̀ mẹ́jọ sẹ́yìn ọkọ̀, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, gbogbo wọn nínú ife irin tó dì wọ́n mú. Èyí tó wà níta gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 14, èyí tó wà nínú kúrú, kí okùn wọn má baà pàdé. Ìwọ̀ olórí òjé kékeré ló wà lẹ́nu okùn kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n rẹ̀ kò ju 1/16 ọ́ńsì lọ, rọ́bà aláwọ̀ ewé tó ń tàn sì wà nídìí rẹ̀ bí ìrù. A óò tú okùn sẹ́yìn tó ẹsẹ̀ bàtà 80. Ẹ́ńjìnnì kékeré oníbátìrì tó wà níwájú á máa fà wá lọ jẹ́jẹ́, máìlì kan péré ní wákàtí kan. Ìwọ̀ á máa lúwẹ̀ẹ́ bọ̀ lẹ́yìn bí ẹja wẹ́wẹ́. Bí a bá yára jù, ìwọ̀ á gòkè. Bí a bá rọra jù, á lọ kan kùkùté. Ọgbọ́n rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ojú gbọ́dọ̀ là sí i.

Láàárín wákàtí kan ààbọ̀ a ti mú mọ́kànlá. Orí ọ̀pá á tẹ̀ díẹ̀, bí ìgbà tí ọmọdé bá fa èèyàn láṣọ, á sì tún tẹ̀. Mo ya ẹnu ẹja méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n bá sọ fún mi pé, "Má fà á. Máa ká okùn bọ̀, kó máa bá ẹ bọ̀. Àwọ̀n ọlọ́wọ́ ni kó o fi gbà á." Láti ìgbà náà n kò sọ ẹyọ kan nù mọ́. Nígbà tí mo gbé ọ̀kan sókè, wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń mọ dúdú yàtọ̀ sí funfun, nítorí oríṣi méjì ló wà nínú omi yìí, àmì ara wọn sì ń tan èèyàn jẹ. Ẹ̀gún tó le lórí lẹbẹ ẹ̀yìn ni ká kà: méje tàbí mẹ́jọ, krọ́pì dúdú ni, márùn-ún tàbí mẹ́fà, funfun ni.

Èmi ni mo bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n tukọ̀. Mo rí bèbè tó súnmọ́ wa, mo sì yí ọkọ̀ padà kíákíá. N kò mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá ń yí, okùn tó wà lápá ibi tí à ń yí sí á rọ̀, ìwọ̀ rẹ̀ á rì, èyí tó wà lápá kejì á sì sáré gòkè. Ìwọ̀ mẹ́ta rì bá kùkùté lẹ́ẹ̀kan náà. Márùn-ún yòókù rékọjá lórí wọn, gbogbo rẹ̀ sì takókó. Kí n tó ké sí Ẹ̀gbọ́n, ọ̀pá kan ti tẹ̀ bí ọrun, ife irin tó dì í mú já kúrò lára ọkọ̀, ọ̀pá àti kẹ̀kẹ́ okùn rẹ̀ sì lọ sínú omi pọ́n náà. A wá a pẹ̀lú ìdákọ̀ró kékeré fún ìdajì wákàtí. A ò rí i. Ọ̀pá tí ọmọ Ẹ̀gbọ́n fi owó iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ rà fún wọn ni. Wọn ò sọ̀rọ̀ sí mi nípa rẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù.

Ìgbà tí mo ń tú kókó náà ni ìwọ̀ kan wọ àtàǹpàkò òsì mi, ó wọlé kọjá ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀. Kò ṣeé fà padà bẹ́ẹ̀. A padà sétí omi, ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìjẹ. Ìyá tó ni ibẹ̀ wò ó, ó mú mi jókòó sórí àpótí yìnyín, ó ní kí n máa wo ògiri. Ó fi ìka kan tẹ ẹ̀yìn ìwọ̀ náà mọ́ ara mi, ó fi okùn tó nípọn kọ́ kọ́rọ́ rẹ̀, ó sì fà á yọ lójijì. Ó ti jáde kí n tó mọ̀. Ó fi ọtí fọ ojú ibẹ̀, ó bi mí ìgbà tí mo gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì kẹ́yìn, ó sì kọ̀ láti gba owó. Ìjẹ wẹ́wẹ́ dọ́sìnnì mẹ́ta la rà lọ́wọ́ rẹ̀, dọ́là mẹ́fà, kó má baà dà bí ẹni pé ọwọ́ òfìfo la fi lọ.

Ẹ̀gbọ́n júwe ọ̀pá tó sọnù fún un: dúdú, okùn pupa tí wọ́n wé mọ́ ìdí rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kùkùté ńlá méjì tó wà lẹ́nu Cowan Creek. Ó kọ ọ́ sára páálí kan, ó so ó mọ́ ògiri.

Ọjọ́ Kẹta, Àbámẹ́ta

Láti aago mẹ́fà ni ọkọ̀ ti ń dún. Ìdíje ìpẹja kan wà lọ́jọ́ náà, àwọn ọkọ̀ tó ń sáré bí ìbọn ń kọjá ní méjì-méjì lábẹ́ afárá ọ̀nà 9, ìgbì wọn sì ń gbá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó fi di aago mẹ́wàá, oòrùn ti yọ, ojú ọjọ́ dára, gbogbo ayé ti jáde. Ọkọ̀ jet ski tí èèyàn ń gùn bí alùpùpù, ọkọ̀ tó ń fa ọmọdé lórí rọ́bà, àti àwọn ọkọ̀ pẹrẹsẹ tó ń léfòó lórí àgbá irin, tí wọ́n ń pè ní pontoon, tí ìdílé kan á ti kó àga àti oúnjẹ sínú rẹ̀ bí ẹni gbé pálọ̀ lọ sórí omi.

Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé ó yẹ ká wọ inú odò kékeré kan lọ, ká kúrò lójú pópó. Wọ́n ní ẹja ti kúrò nínú Cowan Creek lánàá, pé ẹnu ibi tí odò àtijọ́ gbà ni wọ́n wà. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ẹ̀rọ tó ń fi ẹja hàn nísàlẹ̀ fi wọ́n hàn wá, wọ́n pọ̀ bí eṣinṣin. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà gbogbo ọkọ̀ náà nìyẹn. A na ọ̀pá méje, okùn ẹsẹ̀ bàtà 80 lẹ́yìn wa.

A mú mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ni mo rí pontoon kan tó ń bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún wa. Bàbá arúgbó kan ló ń tù ú, ìyá kan jókòó tì í, ọmọdé mẹ́rin wọ ẹ̀wù tó ń gbéni léfòó. Bàbá náà rí wa. Ó juwọ́ sí wa, ó dín eré kù, ó sì yí orí ọkọ̀ rẹ̀ kó lè gba ẹ̀yìn wa kọjá. Mo dìde, mo na ọwọ́ méjèèjì, mo ń pariwo pé kó má gba ibẹ̀. Ó rò pé mò ń kí òun ni. Àwọn ọmọ náà juwọ́ sí mi.

Ọ̀pá márùn-ún tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kẹ̀kẹ́ okùn ń ké. Okùn méjì já, mẹ́ta ń bá a lọ, kí n tó fi ọ̀bẹ gé wọn, ẹ́ńjìnnì pontoon náà ti ṣe bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun, ó sì kú. Inú bí mi. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ níwájú ọmọdé, ní Yorùbá, ṣùgbọ́n ohùn mi kò nílò ìtumọ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan lára wọn lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ìyá àgbà rẹ̀.

"Ó tó, Bàbá Ìbejì," Ẹ̀gbọ́n ní. "Wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbé wọn lọ."

Afẹ́fẹ́ ń tì wọ́n sí àárín ojú pópó, àwọn ọkọ̀ eléré sì ń bọ̀. A ká ìyókù okùn wa sókè, Ẹ̀gbọ́n tan ẹ́ńjìnnì ńlá, a lọ so okùn mọ́ imú pontoon náà, a sì fà wọ́n lọ sí èbúté ilé kan tó wà nítòsí. Onílé náà, ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wa, jáde, ó bá wa di okùn, ó kó omi tútù wá fún àwọn ọmọ.

Ẹ̀gbọ́n bọ́ sómi dé àyà. Wọ́n yọ píìnì, wọ́n tú nọ́ọ̀tì, wọ́n fa fáànù ẹ́ńjìnnì tó ń ti ọkọ̀ náà lọ lábẹ́ omi jáde. Okùn wa ti wé mọ́ irin tó gbé fáànù náà dúró bí òwú tó wé mọ́ kẹ̀kẹ́ ìránṣọ. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, okùn ìwọ̀ á gé rọ́bà tó ń dí òróró mọ́ inú ẹ́ńjìnnì, omi á wọlé, òróró á jáde, owó ńlá ni àtúnṣe rẹ̀. A fi ọ̀bẹ kékeré gé e ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún wákàtí kan, ìwọ̀ wa méjì sì wà nínú rẹ̀. Rọ́bà náà kò tíì gé. Kò sí òróró lórí omi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run sókè ketekete.

Ibẹ̀ ni bàbá arúgbó náà ti bá mi sọ̀rọ̀. Kò bínú. Ó ní nígbà tóun rí wa, òun rò pé ẹ̀yìn ni kóun gbà, kóun má baà dí wa lọ́nà níwájú. Ó ní òun ò rí okùn kankan. Báwo ni ì bá ṣe rí i? Okùn tó tín-ín-rín bí irun, ẹsẹ̀ bàtà 80 sẹ́yìn, lábẹ́ omi pọ́n. Onílé náà, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ òkun rí, dá sí i. Ó ní nínú òfin ìrìnnà ojú omi Amẹ́ríkà, ọkọ̀ tó ń pẹja ní ẹ̀tọ́ pé kí ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì mìíràn yà fún un, ṣùgbọ́n kìkì èyí tó da àwọ̀n tàbí tó ju okùn tí kò jẹ́ kó lè yí bó ṣe fẹ́ ni òfin kà sí ọkọ̀ ìpẹja. Òfin dárúkọ ọkọ̀ tó ń wọ́ ìwọ̀ lẹ́yìn, ó sì yọ ọ́ kúrò. Bí ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì méjì bá sì fẹ́ dábùú ara wọn, ẹni tó rí ìkejì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni kó yà. Lọ́wọ́ ọ̀tún wa ni pontoon náà ti wá. Àwa ló yẹ kó yà.

Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé ìwọ̀ mẹ́jọ tó wà lẹ́yìn mi ti sọ mí di ẹni tí gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ yà fún. Mo lọ bá ọmọbìnrin kékeré yẹn, mo kúnlẹ̀ kí ojú wa lè ṣe déédéé, mo ní kó má bínú, pé n kò gbọ́dọ̀ pariwo mọ́ ọn. Ó bi mí bóyá ẹja wà nínú ọkọ̀ wa. Mo ṣí àpótí fún un, ó fi ìka kan fọwọ́ kan èyí tó tóbi jù, ó sì rẹ́rìn-ín.

Alẹ́ ọjọ́ náà, ìdílé yẹn ní ká wá jẹun. Krọ́pì tí wọ́n ti gé ẹran rẹ̀ kúrò lára egungun, tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àgbàdo bò, tí wọ́n dín nínú òróró gbígbóná. Ẹran rẹ̀ funfun, kò ní òórùn ẹrẹ̀, egungun ò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n gbé ata díndín wa kalẹ̀. Ìyá àgbà náà fi orí ṣíbí tọ́ ọ wò, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì tún bu sí i.

Bátìrì la gbàgbé láti fi sí iná nígbà tí a padà. Aago méjì òru ni mo rántí, mo sì dìde.

Ọjọ́ Kẹrin, Àìkú

Bátìrì kò kún, ìdajì ló gbà. Ìyẹn nìkan ti tó láti dín ohun tí a lè ṣe kù, ṣùgbọ́n a ti pinnu kó tó di àárọ̀: ọ̀pá mẹ́rin péré, gbogbo wọn níwájú ọkọ̀, kò sí ọ̀kankan lẹ́yìn. Wọ́n ń tò wọ́n bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Okùn á sọ̀ kalẹ̀ tààrà sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí mẹ́jọ, pẹ̀lú òjé tó wúwo díẹ̀ àti ẹja wẹ́wẹ́ tó wà láàyè lẹ́nu ìwọ̀. Ọkọ̀ á máa rìn bí ẹni tó ń rìn lójú oorun, kò tó ìdajì máìlì ní wákàtí kan. Kò sí okùn tí ẹnikẹ́ni lè kọjá lórí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà lójú wa. Bí ọkọ̀ kan bá ń bọ̀, à ń gbé ọ̀pá sókè, a óò sì yà.

Fún ẹni tó bá fẹ́ wọ́ ìwọ̀ gígùn lẹ́yìn ọkọ̀ lórí Weiss, Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀ ni kó yàn, tàbí kó ti kúrò lójú omi kí aago mẹ́sàn-án tó lù lópin ọ̀sẹ̀. Bí àwọn èèyàn bá ti jáde, ẹ kó okùn sókè tàbí kí ẹ tì í síwájú. Ọ̀bẹ tó mú gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ lè tètè dé, kì í ṣe nínú àpótí.

A bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún ààbọ̀. Ìkùukùu wà lórí omi, a kàn ń gbọ́ ohùn ẹyẹ. Ẹja ò jẹ rárá fún wákàtí kan, ara sì ń ṣe mí bíi pé ká na gbogbo ọ̀pá. Ẹ̀gbọ́n ò wò mí. Nígbà tí oòrùn kan orí igi, ọ̀pá àkọ́kọ́ tẹ̀. Láàárín aago méje sí mẹ́sàn-án, a mú mọ́kàndínlógún tó ju íǹṣì mẹ́wàá lọ, a dá méje padà. Pẹ̀lú ti Ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta tó wà nínú yìnyín, ó tó wa lọ sílé. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni pontoon àkọ́kọ́ yọ. A ti ń fa ọkọ̀ wa sókè.

Níbi tí wọ́n ti ń sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń sáré sókè-sódò, ọkọ̀ rẹ̀ ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú omi. Mo ṣí àpótí, mo mú ìdérí tí a gbà ní Ọjọ́bọ̀ jáde. Ó bá ihò tirẹ̀ mu.

A dúró ní ṣọ́ọ̀bù ìjẹ láti kí ìyá yẹn pé ó dàbọ̀. Kó tó dá wa lóhùn, ó nawọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀pá dúdú, okùn pupa nídìí rẹ̀, ẹrẹ̀ ṣì wà nínú kẹ̀kẹ́ okùn. Apẹja kan ló fi ìwọ̀ tirẹ̀ fà á jáde lánàá nítòsí kùkùté méjì yẹn, ó ka páálí tó wà lára ògiri, ó sì fi í sílẹ̀ láìsọ orúkọ. Ẹ̀gbọ́n gbà á lọ́wọ́ méjèèjì. Wọ́n jókòó sínú mọ́tò, wọ́n fi aṣọ nu ún láti orí dé ìdí, ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì.

Epo dọ́là 62 la rà ní lílọ àti bíbọ̀. Ní ààlà, wákàtí tí a jèrè lọ́jọ́ kìíní tún bọ́ lọ́wọ́ wa, nítorí náà bí ẹ bá ní ìpàdé ní Georgia lọ́jọ́ tí ẹ ń padà, ẹ tètè gbéra.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo da ẹja sínú abọ́ ńlá ní bákíyáàdì, omi ata ti ń hó lórí iná. Àwọn ìbejì sáré jáde. Mo fi lẹbẹ ẹ̀yìn hàn wọ́n, mo ní kí wọ́n rọra, kí ẹ̀gún má gún wọn. Táíwò ka tirẹ̀, ó ní méje. Kẹ́hìndé ka tirẹ̀, ó ní mẹ́fà, ó sì sọ pé Táíwò kà á jù. Wọ́n pààrọ̀ ẹja, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ení.